Ta Ló Ní Kí O Fọ Owó Kánádà Mi?

Alápẹ̀rẹ̀, Kétu, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Bùsọ́lá, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá àlàáfíà lo wà, torí mo mọ̀ pé o wà dáadáa. Ìwọ ni kí o béèrè tèmi. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù láti pè ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e kalẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá pè ẹ́, igbe ni màá fi bẹ̀rẹ̀, ìwọ á bú sẹ́kún, kírédíìtì á tán, a ò sì ní tíì sọ nǹkan kan. Ó yá, mo ti mú bíírò. Ìwé kì í jẹ́ kí ọmọ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ìyá rẹ̀. Jókòó, kí o kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe gbọ́, kí o má baà rò pé ẹnì kan ló fẹjọ́ rẹ sùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu, mò ń fi kóòtù kọ́ sórí okùn, ni fóònù dún. Bàbá ọkọ rẹ ni, Daddy Dọ̀tun fúnra wọn, láti Magodo.

Wọ́n ní, "Ìyá wa, ẹ mà kú ìtọ́jú nǹkan o! Bùsọ́lá ti fi àwọn owó Kánádà yẹn hàn wá. Háà, bàbá Bùsọ́lá mà rin ìrìn àjò o! Ó ní atukọ̀ ojú òkun ni wọ́n, pé gbogbo èbúté tí wọ́n bá dé ni wọ́n ti ń ṣa owó jọ."

Mo ní, "Ẹ̀n, sà?"

Wọ́n ní, "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ohun kan ṣoṣo tó yà mí lẹ́nu ni bí owó náà ṣe ń dán. Owó tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ń dán bí ìkòkò ìyàwó tuntun!"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo jókòó sórí béèlì. Oníbàárà kan béèrè iye tí mò ń ta súwẹ́tà ọmọdé, mo ní kò sí fún títà. Súwẹ́tà wà lọ́wọ́ mi o.

Atukọ̀ ojú òkun! Bùsọ́lá! Bàbá rẹ tó wa lọ́rì yanrìn títí Ọlọ́run fi pè é, òun lo sọ di atukọ̀? Bàbá rẹ tí kì í fẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí mọ́tò bá ń gun afárá, tó ní omi ọ̀sà ń wo òun lójú? O mọ̀ pé òkú ò lè jáde wá jiyàn, ìdí nìyẹn tí o fi pa irọ́ mọ́ ọn. Ká ní ó wà láàyè ni, ì bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà inú ì bá wá bí i ju tèmi yìí lọ.

Mo ṣì ń gbìyànjú láti gbé ìyẹn mì ni ti ọjọ́ Sátidé tún dé. Dírẹ́bà ilé ọkọ rẹ gbé agolo bísíkíìtì tí mo ń kó owó Kánádà mi sí, èyí tí o gbé lọ sílé wọn, padà wá, pẹ̀lú ìwé pélébé tí o kọ: "Mummy, mo ti bá yín fọ̀ wọ́n, wọ́n ti dọ̀tí jù. Àwọn bébà yẹn ti gbó, mo ti sun wọ́n. Ẹ má bínú." Ẹ má bínú! Mi ò tíì ṣí agolo tán tí òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ fi gbà mí nímú. Mo da owó náà sórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wọn ń kọ mọ̀nà. Mo ní kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí gan-an?

O mọ ibi tí àwọn owó yẹn ti wá. O mọ̀ ọ́n dáadáa, abẹ́ tábìlì òkìríkà mi lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka A, B, D. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé o ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbàgbé, èmi á tún un sọ fún ẹ. Béèlì ẹ̀wù òtútù tí à ń pè ní Kánádà ni mo máa ń rà láti ìgbà tí o wà ní ọmọ ọwọ́. Aṣọ tó nípọn ni, àwọn ọlọ́dẹ ló ń rà á, àti àwọn tó ń já ẹrù láàárọ̀ kùtù ní ọjà Mile 12. Láàárín àwa tí a jọ ń ṣí béèlì, òfin kan wà: ẹni tó bá já okùn béèlì ló ni ohun tó bá jábọ́ nínú àpò. A kì í jà sí i. Dọ́là bébà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wá, tàbí yẹtí. Bí wọ́n bá rí owó ẹyọ, wọ́n á ní kí ni a fẹ́ fi èyí rà ní Kétu, wọ́n á jù ú sí mi. Èmi a sì máa fi ìka tẹ etí ìsàlẹ̀ kóòtù kọ̀ọ̀kan, torí bí àpò bá ya, owó á jò sínú láníìnì, aṣọ inú kóòtù yẹn, á lọ sùn sí ìsàlẹ̀. Mélòó nínú wọn ni mo fi abẹ tú jáde ní ojú rẹ!

Gbogbo èyí tí mo bá rí, mo máa ń wé e sínú bébà kékeré, màá sì kọ ọ́ sí i lára: kóòtù dúdú ọkùnrin, apá ọ̀tún, ìsàlẹ̀ láníìnì, béèlì tí mo ṣí ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Bébà yẹn lo sun. Ó dùn mí ju fífọ̀ lọ. O sì mọ̀ pé kì í ṣe torí ó gbó lo ṣe sun ún. Ọ̀rọ̀ òkìríkà ló wà lára rẹ̀, ìwọ ò sì fẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ rí i.

Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti sọ ọ́. Ẹ ń lọ sí Kánádà lóṣù tó ń bọ̀, Dọ̀tun ti ríṣẹ́, ìwọ náà ti ríṣẹ́, Ọlọ́run ṣeun. Mi ò sì mọ ìgbà tí màá tún fojú kàn ẹ́. Àwọn ohun tí ó yẹ kí n ti máa sọ fún ẹ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀ẹ̀kan náà ni màá kó gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ lónìí. Bí ó bá korò, gbé e mì.

Èkínní. A kì í fọ owó àtijọ́. Eérú, ọsàn wẹ́wẹ́, kànìnkànìn, ọṣẹ, kò sí èyí tí owó fẹ́ nínú wọn. Mo mọ ẹni tí o ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, torí náà mi ò ní purọ́ pé ọwọ́ mi mọ́. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo kọ́ ẹ pé ohun tó bá pọ́n, eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Ìkòkò, síbí, àwo idẹ, gbogbo rẹ̀ là ń fi í bó. Ohun tí mi ò sọ fún ẹ, torí ojú tì mí, ni pé èmi náà ti bó owó rí.

Owó Kánádà àkọ́kọ́ tó wù mí jù nìyẹn, sẹ́ǹtì márùn-ún tí igun ara rẹ̀ jẹ́ méjìlá, tí wọ́n ya lẹ́tà V ńlá sí láàárín. Ìgbà ogun ni wọ́n ṣe é. Ó pọ́n rúsúrúsú. Mo ní kí n tó fi han ẹnikẹ́ni, kí n ṣe é lóge. Mo fi eérú gbo ó títí ó fi ń dán, ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Póòsì. O rántí wọn, bàbá tó fẹ̀yìn tì ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tí ilé wọn wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, tó ní ìwé ńlá tí wọ́n to gbogbo owó Kánádà sí. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn fún mi ní awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, wọ́n ní, "Wò ó." Mo wò ó. Ara owó náà rí bí ilẹ̀ tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá. Etí rẹ̀ ní àwọn àmì tóótòòtó yí po, ọ̀rọ̀ àṣírí ni, bí àwọn tó ń tẹ wáyà láyé àtijọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ pé bí a bá fi ọkàn ṣiṣẹ́ a ó ṣẹ́gun. Mo ti gbo ìdajì rẹ̀ dànù. Bàbá ní, "Ìyá Bùsọ́lá, kì í ṣe ìdọ̀tí lo bó kúrò yẹn. Awọ ara rẹ̀ ni."

Ṣé o rí i? Ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kí n délé kí n pè ẹ́, kí n ní, "Ọmọ mi, wá wo ohun tí ìyá rẹ fi àìmọ̀ ṣe." Mo gbé e pamọ́. Bí àgbà bá fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́, ọmọ rẹ̀ ló máa tún un ṣe. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo ti gbà á. Tìrẹ ṣì wà nílẹ̀.

Torí pé o mọ èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú agolo yẹn, o sì fọ òun náà. Sẹ́ǹtì pupa 1955. Mo máa ń fi hàn ẹ́ nígbà tí o wà ní fọ́ọ̀mù kìíní, o máa ń ní, "Mummy, aṣọ Kúìnì ti já!" Kúìnì Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí owó wọn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, okùn aṣọ tó wà ní èjìká rẹ̀ ò hàn dáadáa. Wọ́n tún òǹtẹ̀ náà gbẹ́ kí okùn lè hàn. Àfi bí ó ṣe di ọdún 1955, tí ẹnì kan ní ilé tí wọ́n ti ń tẹ owó gbé òǹtẹ̀ àtijọ́ síbi iṣẹ́, tó fi tẹ díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé sẹ́ǹtì 1955 pọ̀ bí ilẹ̀, èyí tí èjìká Kúìnì wà ní òfo ló ṣọ̀wọ́n.

Ta ló rí i? Èmi ni! Èmi tí mò ń tún aṣọ òkìríkà rán, tó jẹ́ pé ohun tí ojú mi ń kọ́kọ́ wá lára aṣọ obìnrin ni okùn èjìká, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já. Mo rí i láàárín ọ̀pọ̀ mìíràn, mo ní, "Bàbá, ta ló gba okùn ara obìnrin yìí?" Bàbá Póòsì gba awò, wọ́n wò ó, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n tún un dé. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn fi rédíò wọn ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní rárá o, ti Bùsọ́lá ni. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, níṣojú rẹ. Tìrẹ ni, ìwọ lo sì fi eérú gbo ó. Ó ti di pupa rẹ́súrẹ́sú báyìí bí ojú iná lára ọmọdé, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́.

Èkejì. Mọ ìyàtọ̀ láàárín àṣìṣe ilé ìtẹwó àti ohun tí ojú ọ̀nà fi ṣe owó. Mo ti ṣi èyí náà ṣe rí, gbogbo Kétu ló sì mọ̀. Mo rí sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kan tí etí rẹ̀ ká sínú, tó nípọn yíká bí etí àwo, tó kéré ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ní owó tí ẹ̀rọ tẹ̀ ṣì nìyí, irú rẹ̀ ò sí láyé! Mo ti fi yangàn dé Ikosi. Bàbá Póòsì wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbé wọn. Wọ́n ní inú ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó fi ń gbẹ aṣọ ló há sí, tó ń yí gbirigbiri níbẹ̀ fún ọjọ́ gbọọrọ, pé etí rẹ̀ ló ń gbá ara ẹ̀rọ tó fi ká. Wọ́n ní, "Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí owó lábẹ́ òǹtẹ̀, àṣìṣe ìbí nìyẹn, à ń wá a. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tó jáde, ọgbẹ́ ni."

O ti wọlé ọkọ, ìmọ̀ràn yìí á wúlò fún ẹ. Dọ̀tun kì í yára sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń jà, á dákẹ́ bí ẹni tí ò gbọ́. Mo wo bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀. Abẹ́ òǹtẹ̀ nìyẹn ti wá, má da ara rẹ láàmú láti yí i padà, ó lè jẹ́ ohun tó máa mú un níyì lójú rẹ nìyẹn bó bá yá. Ṣùgbọ́n bó bá dé Kánádà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ẹ torí òtútù mú un, torí ọ̀gá bá a wí níbi iṣẹ́, ọgbẹ́ nìyẹn, má gbà á gẹ́gẹ́ bí ìwà rẹ̀. Tètè tọ́jú rẹ̀.

Irọ́ tí o pa yìí ńkọ́? Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Mi ò bí irọ́ mọ́ ẹ. Bàbá rẹ ò purọ́, àní bí ọlọ́pàá bá dá a dúró, òótọ́ ló máa ń sọ tí wọ́n á fi dá a sí. Ojú ọ̀nà ni irọ́ yìí ti bá ẹ. Ibi géètì àwọn olówó Magodo lo ti kó o.

Dúró, mo gbọ́ ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ ní, "Mummy, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn." Mo mọ̀ ọ́n! Èmi gan-an rèé. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Wá gbọ́ ti ẹ̀yìn mi.

Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ fẹ́ mi, ìyá rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́. Wọ́n béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe l'Ékòó. Mo ní aránṣọ ni mí. Mo rò pé òkìríkà ò dára létí ìyá ọkọ. Irọ́ yẹn ni mo gbé wọ ilé wọn. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ń jẹ́ aránṣọ l'Ọ́yọ̀ọ́ tí mo ń jẹ́ olókìríkà ní Kétu. Ọjọ́ kan lọ́yẹ́, bàbá rẹ fi lọ́rì gbé ìyá rẹ̀ wá láìsọ fún mi, ó já wọn sí ọjà kí wọ́n ra súwẹ́tà. Èmi wà lórí òkìtì aṣọ, mo ká yẹ̀rì sókè, mò ń ké, "Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣà á! Èyí tó wù yín ni kí ẹ mú!" Mo gbójú sókè, mo rí wọn. Mo fi súwẹ́tà bojú. Wọ́n wo òkìtì náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n ní, "Ìyàwó, aránṣọ, ìwọ nìkan lo rán gbogbo èyí láàárọ̀ yìí?"

Yéè! Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Wọ́n ṣa súwẹ́tà kan, mo ní kí wọ́n máa mú un lọ, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Rárá o, mi ò lè gba aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ iṣẹ́ rẹ̀." Wọ́n sanwó, wọ́n lọ. Títí wọ́n fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá yin súwẹ́tà yẹn lára wọn, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi aránṣọ ló rán an." Ẹ̀rín á gba gbogbo ilé, èmi á máa wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lo ogún ọdún.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù: ÌYÁ BÙSỌ́LÁ, AṢỌ KÁNÁDÀ. Orúkọ rẹ ni mo kọ síbẹ̀! Abẹ́ orúkọ yẹn lo jókòó sí tí o ka ìwé tí o fi wọ yunifásítì. Iṣẹ́ kì í tini lójú, olè ló ń tini lójú. Bí ó bá jẹ́ pé mo jalè láti fi rán ẹ lọ síléèwé ni, ǹ bá gbà kí o sọ mí di ìyàwó atukọ̀.

Ẹ̀kẹta, àbí ẹ̀kẹrin ni? Jọ̀wọ́, mo ti ṣì í kà. Dán nǹkan wò kí o tó gbà á gbọ́. Ọdún kan wà tí sílífà wọ́n ní Kánádà, 1968. Sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún yẹn, àwọn kan ní sílífà nínú, àwọn yòókù ò ní rárá. Orí kan náà, ẹranko oníwo kan náà, ọdún kan náà. Ojú lásán ò lè yà wọ́n. Mágínẹ́ẹ̀tì tí mo gbà lọ́wọ́ onírédíò, tó yọ lára sípíkà tó ti bàjẹ́, ni mo fi ń yà wọ́n: èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe sílífà. Ní ibi tí ẹ ń lọ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn á rẹ́rìn-ín sí ẹ, àwọn ará ilé wa gan-an á pọ̀ níbẹ̀. Má bínú sí wọn, má sì yára fọkàn tán wọn. Ní sùúrù títí ìṣòro díẹ̀ á fi dé, ìgbà yẹn ni wàá mọ ẹni tó dúró.

Máa wo àpò aṣọ ọkọ rẹ kí o tó jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èmi mọ ohun tí mo rí nínú aṣọ àwọn tí ìyàwó wọn ò wo àpò. Kì í ṣe owó nìkan.

Bí wọ́n bá fún ẹ ní ṣéńjì níbẹ̀, má kàn dà á sínú báàgì. Wò ó. Tẹ́lẹ̀, èmi ni mò ń jókòó ní Kétu tí mò ń dúró de èyí tí wọ́n gbàgbé sínú aṣọ. Ìwọ á wà lẹ́nu orísun. Wo èjìká Kúìnì, wo ọdún, wo bóyá àwòrán ojú rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ kọ orí sókè bákan náà. Má fọ ohunkóhun. Kọ ọ́ sára bébà: ibi tí o ti rí i, ọjọ́ tí o rí i, ẹni tó fún ẹ. Owó tí a mọ ibi tó ti wá níyì ju èyí tó ń dán lọ. Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin yẹn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń tọ́jú owó kárí ayé ṣe ń sọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni mo sì tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo èyí. Bàbá Póòsì ní owó kan nínú dúrọ́ọ̀ wọn, ti ọdún 1911. Ọba Gẹ̀ẹ́sì tuntun ni wọ́n dé ládé lọ́dún náà. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sórí owó pé nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni ọba fi jọba. Lọ́dún yẹn, wọn ò kọ ọ́. Owó ti jáde, ó ti wọ ọjà, kí àwọn èèyàn tó rí i pé wọ́n yọ orúkọ Ọlọ́run kúrò. Ariwo sọ! Wọ́n ń pè é ní owó aláìlọ́lọ́run. Ìjọba tó ni irin, tó ni iná, tó ni òǹtẹ̀, kò bá wọn jiyàn. Lọ́dún kejì ni ọ̀rọ̀ náà padà sórí owó. Wọn ò kú, ìjọba wọn ò sì wó.

Ìwọ náà yọ orúkọ kan kúrò níbi tí ó yẹ kó wà. Tèmi ni. Inú mi bàjẹ́, Bùsọ́lá. Mi ò lè fi awàdà bò ó. Owó tí o bó, mo ti sunkún rẹ̀ tán lálẹ́ àná. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó pé o dúró nínú pálọ̀ àwọn ẹlòmíràn, tí wọ́n bi ẹ́ pé ta ló ni èyí, tí o wo ojú wọn, tí o wá bàbá mìíràn fún ara rẹ dípò kí o pe orúkọ ìyá rẹ, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Dọ̀tun sọ fún mi pé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni àdúrà ìrìn àjò yín ní Magodo. Màá wá. Mi ò ní yá aṣọ ẹnikẹ́ni wọ̀, mi ò sì ní yá ahọ́n ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Màá gbé agolo náà dání, torí Daddy Dọ̀tun tún pè mí lánàá, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n gbé e wá, pé ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń tọ́jú owó fẹ́ wò ó. Ó dájú pé ọ̀rẹ́ wọn á béèrè bí owó náà ṣe tẹ̀ wá lọ́wọ́. Mi ò ní dáhùn. Mi ò ní tú ẹ fó, ọmọ mi ni ẹ́. Wọ́n á béèrè, èmi á dákẹ́, gbogbo ojú á yí sí ọ̀dọ̀ rẹ.

Bí o bá ní ìyá rẹ tó ń ta òkìríkà ní Kétu ló fi abẹ tú wọn jáde nínú láníìnì kóòtù, màá jókòó ti ọ̀rẹ́ wọn yẹn, màá sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kò sí bébà tí o sun tí mi ò mọ ohun tí mo kọ sí i lórí. Bí o bá tún ní atukọ̀ ni bàbá rẹ, màá ṣe àmín sí àdúrà, màá jẹun, màá kí gbogbo ilé, màá sì wọ mọ́tò padà sí Alápẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé ọjọ́ yẹn, nínú pálọ̀ yẹn, ni o ti fi mí sílẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí bàlúù bá gbéra, kò ní sí ẹni tí o máa juwọ́ sí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀kẹ́, olókìríkà, Kétu.